Abẹ́rẹ́ Àyà Fọláṣadé

Dúró ná, ìwọ tó ń ka ìwé yìí. Bí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ, gbé e sílẹ̀. Bí ìkòkò bá wà lórí iná, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ìdajì etí gbọ́. Ọ̀rọ̀ Fọláṣadé ará Ayétòrò ni, obìnrin tí Olúwa fún ní ọwọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí kì í gba ìbáwí.

Nínú pálọ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni Fọláṣadé ti ń ṣiṣẹ́. Òwú funfun ni yóò máa ta ní kókó kéékèèké lórí ara wọn, títí wọn yóò fi di léèsì tó rí bí ọkàn. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, ìka àti ojú nìkan ni. Yóò wá rán léèsì náà mọ́ fìlà ọmọ tuntun tàbí àpò kékeré. Èyí tó tà jù ni tìmùtìmù abẹ́rẹ́, ìrọ̀rí kóńkó tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí àwọn aránṣọ ń gún abẹ́rẹ́ wọn mọ́ kí ó má baà sọnù. Àṣìkẹ́, oníṣòwò kan láti Ìdí-Ìrókò, ló ń kó wọn sọdá bodè lọ sí Àjàṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo nǹkan. Obìnrin tó ń rán ilé fún abẹ́rẹ́ ẹlòmíràn, abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kò nílé. Àyà bùbá rẹ̀ ló ń gún un mọ́. Bí ó bá fẹ́ já òwú, àyà. Bí wọ́n bá pè é lóde, àyà. Màmá Dinah, ìyá àgbà tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa, kìlọ̀ fún un lójú gbogbo wa.

"Fọláṣadé, yọ abẹ́rẹ́ yẹn láyà. Ìyá ọmọ ni ọ́. Àyà ìyá, ibi ìfarati ọmọ ni."

Fọláṣadé gbá àyà rẹ̀ pẹ́pẹ́. "Màmá, ẹ má bínú. Tìmùtìmù tèmi nìyí. Ti oníbàárà, ọkàn olówùú ló wà lára rẹ̀. Tèmi, ọkàn gidi ló wà nínú rẹ̀!"

Gbogbo obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí Olúwa dárí jì mí.

Màmá Dinah kò rẹ́rìn-ín. "Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ," ló wí, ó sì tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Fọláṣadé bí, lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tó fi sunkún níwájú pẹpẹ. Ayọ̀dàmọ́lá ni wọ́n sọ ọ́. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà, ojú rẹ̀ sì mú débi pé òun ló ń bá Màmá Dinah ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọ náà jókòó sí ìta, ó ń gbìyànjú láti hun ọkàn àkọ́kọ́ tirẹ̀. Ibi tó le jù níbẹ̀ ni kí ẹnu òwú méjèèjì pàdé. Lójijì, ó sáré wọlé.

"Màámi! Ó ti pàdé! Ẹ wò ó, ó ti pàdé!"

Inú ìyá dùn. Ó gún abẹ́rẹ́ mọ́ àyà, ó la apá. Ọmọ fò mọ́ ọn.

Láti ilé wa tó kángun sí tiwọn ni mo ti gbọ́ igbe náà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí kò ju kóró ata lọ ló wà ní ojú ọ̀tún ọmọ náà. Màmá Dinah ti dé ṣáájú mi.

"Gbé ọmọ yìí, ká máa lọ sí ọsibítù ní Ìlaròó báyìí."

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Ó kàn họ ọ́ ni. Ọgọ́ta ọkàn ni Àṣìkẹ́ ń bọ̀ wá kó lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì ku méjìlélógún. Bí ó bá ti kó wọn, a ó lọ."

"Ojú ni o, Fọláṣadé! Kì í ṣe orúnkún!"

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Kò gbọ́. Ẹni a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́. Ó fi omi oníyọ̀ ṣan ojú náà, ó fi aṣọ dì í, ó padà sídìí òwú. Bàbá ọmọ wà lóko ní Ìjoùn, Fọláṣadé kò sì jẹ́ kí a pè é.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Àṣìkẹ́ kó ọgọ́ta pé. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n gbé Ayọ̀dàmọ́lá dé Ìlaròó, ojú ti wú, ọyún ti ń jáde níbẹ̀.

"Ìyá, ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀?" ni dókítà béèrè.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, sà."

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. 

Wọn kò rí ojú náà gbà là. Kí oṣù méjì tó pé, ti òsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, pé ojú kan a máa bá èkejì kú. A gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. A dojúbolẹ̀, a kígbe. Ọlọ́run ni Ọlọ́run, n kò lè bi í léèrè. Ilẹ̀ kò mọ́ fún Ayọ̀dàmọ́lá mọ́ títí di òní.

Fọláṣadé kò hun ọkàn mọ́. Kò sí abẹ́rẹ́ kan nínú ilé náà. Ṣùgbọ́n ìjìyà rẹ̀ rèé: nígbàkígbà tó bá la apá pe ọmọ rẹ̀, ọmọ náà á kọ́kọ́ dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Á na ọwọ́ méjèèjì, á fi wọ́n wá àyà ìyá rẹ̀ káàkiri, díẹ̀díẹ̀.

"Màámi, ṣé kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀?"

"Kò sí, ọmọ mi."

Ọmọ náà á tún fọwọ́ wá a lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí ni pé ìbáwí jẹ́ àánú Ọlọ́run tó ń gba ẹnu ènìyàn wá. Ẹni tó bá fi ẹ̀rín dá a lóhùn, ẹkún ni yóò fi parí rẹ̀, nítorí àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Iṣẹ́ ọwọ́ dára, ṣùgbọ́n tìtorí ọmọ la ṣe ń ṣiṣẹ́, a kì í tìtorí iṣẹ́ pa ọmọ tì. Mo bẹ̀ ọ́, ìwọ ìyá tó ń ránṣọ nílé, wo àyà rẹ báyìí. Bí abẹ́rẹ́ bá wà níbẹ̀, dìde, yọ ọ́, kí o tó gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ lẹ́nu ọ̀nà.