Ẹni Tó Gbé Àsíá

Ọdún mẹ́jọ ni Télọ̀ àti Káfíńtà fi ta ayò ogun lórí tábìlì tí Télọ̀ fi ń gé aṣọ. Káfíńtà ló gbẹ́ àwọn ọmọ ogun náà, òmìrán, tafàtafà, iwin, ejò abìyẹ́, kò sí èyí tó ga ju àtàǹpàkò lọ. Télọ̀ ló rán àsíá wọn. Ìwé òfin ayò náà nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, ìdajì rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń gbàgbé. Bí ọ̀kan bá gbàgbé, èkejì á rán an létí. Bí wọ́n ṣe dọ̀rẹ́ nìyẹn.

Lọ́dún yìí, àwọn méjèèjì ló kù nínú ìdíje ẹgbẹ́ aláyò wọn. Ẹni tó bá borí ni yóò lọ ṣojú ẹgbẹ́ nílùú òkèèrè. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni adájọ́.

Télọ̀ gbé ẹni tó gbé àsíá tirẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Àsíá Káfíńtà ni gbogbo ọfà rẹ̀ sì dojú kọ. Àwọn òǹwòran bú sẹ́rìn-ín.

"Òmìrán ń bọ̀ wá gbé ọ mì, ẹni tó gbé àkísà lò ń lé kiri!"

Télọ̀ ń ta ọfà rẹ̀ lọ. Ó ku ọfà kan péré kí àsíá Káfíńtà wó nígbà tó kan Káfíńtà láti ta. Ejò abìyẹ́ rẹ̀ fò kọjá lórí gbogbo wọn, ó balẹ̀ lẹ́yìn, ó gbá àsíá Télọ̀ ṣubú. Káfíńtà yíjú sí adájọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bí àsíá bá ṣubú, ṣebí onítọ̀hún ní láti ta dáìsì, ká mọ̀ bóyá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ á dúró tàbí wọ́n á sá?"

Tíṣà wá inú ìwé títí, ó rí i. Wọn ò lo òfin yẹn rí. Télọ̀ ò ní kí wọ́n fi ìwé han òun. Ó ta dáìsì. Oókan ló yọ. Ogun rẹ̀ tú ká.

Ó dá Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìgbà wo lo rí òfin yẹn?"

"Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"O wá ń jókòó síwájú mi, ò ń bá mi rẹ́rìn-ín, o ò sọ nǹkan kan?"

Káfíńtà wolẹ̀. "Mo fẹ́ borí ni, ọ̀rẹ́ mi. Má bínú."

"Ọ̀rẹ́ ta ni?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Káfíńtà wá bẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilẹ̀kùn ò ṣí. Télọ̀ ò jẹun dáadáa, ó ń gé aṣọ oníbàárà bàjẹ́.

"Ṣé nítorí igi gbígbẹ́ ni gbogbo èyí?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ igi. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ọdún mẹ́jọ, ìyàwó mi!" Omijé lé ròrò sójú rẹ̀.

Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é. Láti ọjọ́ náà, òun náà ò kí ìyàwó Káfíńtà mọ́.

Télọ̀ ò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ó ti lé lọ́dún méjì tí òun fúnra òun ti ka òfin náà, tí òun sì ń fi í pa mọ́ de Káfíńtà.