Ọwọ́ Sàlímọ́tù Lórí Tábìlì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á títí ó fi tán, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sí lọ́wọ́.

1.
Lọ́dún 1993, Láníyì Akínyẹlé gba iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ adití àti afọ́jú kan nítòsí Ọ̀wọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ẹ̀rọ yẹ etí àwọn ọmọ wò, kó mọ èyí tó ń gbọ́ àti ibi tí ìgbọ́ràn rẹ̀ mọ. Kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń pè é ní Dókítà Etí, kò sì já wọn níyàn rí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ó ń fi orúkọ náà kí ara rẹ̀ nínú dígí.

Báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ á jókòó kọjú sí i nídìí tábìlì, wọ́n á dé ohun tó ń gbé ìró sétí fún un. Láníyì á tẹ bọ́tìnnì. Bí ọmọ bá gbọ́ ìró, á nawọ́ sókè. Bọ́tìnnì ẹ̀rọ ọ̀hún le gan-an. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́, tábìlì á mì díẹ̀, díẹ̀ tí èmi àtẹ̀yin ò ní kà sí.

2.
Sàlímọ́tù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti kékeré. Àbẹ̀ẹ́bí ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ ní Ifọ̀n, ló mú un wá síbẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ ni ọmọ náà fi ń dá gbogbo èèyàn mọ̀, kódà ó máa ń mọ ọjọ́ tí tísà bá wọ bàtà tuntun.

Nígbà ọyẹ́, etí rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún. Màmá Monica, ìyá tó ń tọ́jú àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ń sùn, rí i pé bí wọ́n bá pè é látẹ̀yìn, kì í yíjú mọ́. Ó fà á lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Láníyì.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé ẹ̀rù ń ba ọmọ náà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé ẹni tójú rẹ̀ fọ́, tí etí rẹ̀ tún di, ilé ni wọ́n ń lé e lọ.

3.
Láníyì tẹ bọ́tìnnì, Sàlímọ́tù nawọ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún nawọ́. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti parí.

"Etí rẹ̀ dá ṣáká," ló wí. "Oríkunkun ló ń bá yín ṣe."

"Ọ̀gá, ẹ dákun," Màmá Monica wí jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí tábìlì látìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó sọ́hùn-ún, kẹ́ ẹ tún un ṣe."

Inú bí Láníyì. Ẹni tó ń fọṣọ ọmọdé ló fẹ́ wá kọ́ òun níṣẹ́?

"Màmá, ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ yìí n'Ìbàdàn. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ máa mú un lọ."

Kò wo inú etí ọmọ náà rárá. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

4.
Màmá Monica ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ṣí fáìlì, ó ní, "Dókítà Etí ti kọ ọ́ pé ó ń gbọ́." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Nígbà tí Àbẹ̀ẹ́bí wá wo ọmọ rẹ̀, òun náà lọ bá Láníyì.

"Dókítà, mo ń bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀, kò dà bíi pé ó ń gbọ́ mi. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Ẹ̀rọ mi ò purọ́ fún mi rí."

Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀ o! Tí mo bá rántí ìyẹn, inú mi kì í dùn fún odindi ọjọ́ kan.

5.
Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ibà ńlá gbé Sàlímọ́tù dè. Ọyún ti wọ inú etí rẹ̀ lọ jìnnà. Dókítà tó wò ó ní ọsibítù mirí.

"Kí lẹ ń wò látọjọ́ yìí? Ká ní ẹ tètè gbé e wá ni, oògùn ì bá ti gbẹ ẹ́."

Ibà náà lọ, ó sì gbé ìgbọ́ràn ọmọ náà lọ pátápátá. Àbẹ̀ẹ́bí pè é, pè é, kò dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó fọwọ́ kan ojú ìyá rẹ̀, tó mọ̀ pé omijé ti rin ín gbingbin, ó bú sẹ́kún.

"Màámi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé mi! Mi ò gbọ́ ìró yẹn lọ́jọ́sí. Tábìlì ló ń sọ fún mi. Tó bá ti mì, màá nawọ́."

Láníyì, tó tẹ̀ lé wọn wá sí ọsibítù, wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí nǹkan kan tó ṣe etí tirẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

6.
Wọ́n dá Láníyì dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì pè é ní Dókítà Etí, ńṣe ló máa ń kúrò níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sọ pé ọkọ òun á jókòó sídìí oúnjẹ, á tẹ́ ọwọ́ lé tábìlì, kò ní jẹun.

Lọ́dún 1995, ó padà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà láti bẹ Sàlímọ́tù. Wọn ò lé ọmọ náà rárá. Irọ́ gbáà ni ohun tó ń bà á lẹ́rù látìbẹ̀rẹ̀. Màmá Monica ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka kọ lẹ́tà sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ta nìyí?" ni Sàlímọ́tù béèrè.

Láníyì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó tún fẹ́ kọ "dárí jì mí", ṣùgbọ́n lẹ́tà àkọ́kọ́ ló kọ, ó gbé ọwọ́ kúrò.

Ọmọ náà fọwọ́ wá tábìlì tó wà níwájú rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ òsì lé e, ó sì múra láti na ọwọ́ ọ̀tún sókè.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ o, sà," ló wí. "Màá ṣe é dáadáa. Ẹ ṣáà má lé mi."

Ẹ̀yin tísà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ níwèé ẹ̀rí lára ògiri, mo bẹ̀ yín. Bí ẹni tó kéré sí yín nípò bá ní kẹ́ ẹ tún nǹkan wò, ẹ tún un wò. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni Láníyì ì bá lò, ìgbéraga ni kò jẹ́ kó lò ó. Ẹ ka èyí fún ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bí Sàlímọ́tù bá wálé sí Ifọ̀n, Àbẹ̀ẹ́bí ṣì ń pè é, ọmọ náà kò sì gbọ́.