Ìkíni Alálùbọ́sà

Lọ́jọ́bọ̀, tí í ṣe ọjọ́ ọjà ní Mopti, Madu Kulibali kì í dúró sí ọ̀nà tí àwọn Dogon alálùbọ́sà ń gbà wọ ìlú. Etí omi ló máa ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń já iyọ̀ nínú ọkọ̀. Bí ó bá gbọ́ èdè Dogon lẹ́yìn rẹ̀, á yára kọjú sí Odò Ọya.

Ọmọ Bambara ni àwọn ará ìlú mọ̀ ọ́n sí. Atime Gindo gan-an lorúkọ rẹ̀, ọmọ Dogon láti orí òkè. Nítorí ìmùlẹ̀ àtijọ́, àwọn Dogon àti àwọn Boso apẹja lè bú ara wọn láti àárọ̀ di alẹ́, inú kò gbọdọ̀ bí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn. Ọmọ Boso sì ni Nyele Karabenta, ìyàwó Madu. Ó ti lóyún. Bí àṣírí bá tú, lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn àgbà máa tú wọn ká.

Nyele kò bi í léèrè ará ilé rẹ̀ rí. Òun náà kò ní ẹbí. Ó ní ọkọ̀ ló dà wọ́n sómi nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ìdí nìyẹn tí òun kì í fi wọ ọkọ̀. Mama Sira, àgbà obìnrin Boso tó gbà á tọ́ tó sì kọ́ ọ ní ẹja yíyan, ló dúró bí ìyá níbi ìgbéyàwó. Bí alálùbọ́sà bá ń kọjá, Nyele ló máa ń kọ́kọ́ bú wọn, ohùn rẹ̀ a sì ga ju ti àwọn obìnrin yòókù lọ. Ó máa ń dun Madu. Á sì rẹ́rìn-ín.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọkọ̀ iyọ̀ kò dé, Madu sì wà nílé pẹ̀lú Nyele àti Mama Sira nígbà tí arúgbó alálùbọ́sà kan yà sọ́dọ̀ wọn. Nyele wọ inú èéfín lọ, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń yí ẹja padà.

"Ẹ̀yin ẹrú wa, ṣé ẹ ti jẹun, àbí egungun ẹja ti há yín lọ́fun?" ni arúgbó náà wí.

"Ẹrú ta lò ń pè?" Mama Sira dá a lóhùn. "Ìwọ tí ò ń bá ọ̀bọ du ihò òkè! Gbé àlùbọ́sà rẹ tó ń rùn kúrò níbí."

"Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ ń sọ̀rọ̀ òórùn?" Arúgbó náà wo Madu títí. "Mo mọ ojú ọkọ ọmọ yín yìí o. Ojú àwọn Gindo ni."

"Ọmọ Bambara ni, jàre."

"Ẹ jẹ́ kí n kí i wò. Ọmọ Dogon kì í jẹ́ kí ìkíni já sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ á ti dáhùn kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀."

Mama Sira pàtẹ́wọ́. "Kí i! Bó bá dáhùn, a gba ọmọ wa lónìí."

Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ ní èdè Dogon. Bàbá ńkọ́? Ìyá ńkọ́? Àwọn ará òkè ńkọ́? Oko ọkà ńkọ́? Lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ó ń dákẹ́ díẹ̀ kí ìdáhùn lè wọlé: sewo, àlàáfíà ni.

"Èdè ẹyẹ!" ni Mama Sira wí. "Ta ló gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀?"

Madu di eyín pa. Kò dáhùn.

Níkẹyìn, arúgbó náà mi orí. "Mo ṣì í mú. Ọmọ Bambara ni lóòótọ́."

Madu mí kanlẹ̀.

Arúgbó náà gbé ẹrù rẹ̀ rù. Kí ó tó jáde, ó kọjú sínú èéfín, ó sì fi èdè kan náà béèrè pé, aláboyún ńkọ́?

"Sewo," ni Nyele dáhùn, kíá, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè.