Ta Ló Ń Yẹ Ìdí Bàtà Mọ́mì Wò?

Mọ́mì yọjú lójú fèrèsé, àyà rẹ̀ já.

Àfẹ́sọ́nà ọmọbìnrin rẹ̀ ti dojú bàtà Mọ́mì dé lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ya ìdí ẹ̀ ní fọ́tò!

Láàárọ̀ yìí gan-an ni ìkìlọ̀ wọlé sórí fóònù: ẹ ṣọ́ bàtà yín o, àwọn kan ń fi ṣe iṣẹ́ ibi.

Mọ́mì kì í sì í ṣe ẹni à ń fojú di. Ìrìn rẹ̀ nìkan tó àpọ́nlé: á yí ìbàdí, á dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń gba ìkíni, kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Àwọn ọmọge àdúgbò ń sín in jẹ.

Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀ nínú ilé: "Kí lo pe iṣẹ́ ọkọ ẹ?"

"Ẹnjinía ni, Mọ́mì. Ẹ̀rọ ló kà."

"Bàtà mi wá di ẹ̀rọ? Kò sí ìgbéyàwó mọ́!"

Ọmọkùnrin náà sáré wọlé.

"Ẹ má bínú, mà. Oríkèé ìbàdí àtọwọ́dá la ń ṣe níbi ìwádìí wa. Bí taya bá jẹ lápá kan, abẹ́ ọkọ̀ là á yẹ̀ wò. Bàtà òsì yín ti jẹ tán, ti ọ̀tún ṣì dà bíi tuntun: ẹsẹ̀ òsì lẹ ń gbára lé."

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìrìn Mọ́mì náà nìyẹn! Ìrìn ọlọ́lá!"

Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín. Ó rọra jókòó.

"Mà, láti ìgbà wo ni ìbàdí ọ̀tún ti ń dùn yín?"

"Ó ti pẹ́." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Lọ bu omi fún ọkọ ẹ."

Lóde, àwọn ọmọge ń kọjá, wọ́n ń yan bíi Mọ́mì.

Gbogbo wọn ló ń tiro.