Téèpù Tí Ọ̀gá Mọ̀nàmọ́ná Kọ̀ Láti Lẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìtàn yìí. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, torí ibi tó ti dùn kọ́ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń tan iná fún eré orí ìtàgé. Ọ̀gá Mọ̀nàmọ́ná ni gbogbo èèyàn ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Yàrá kékeré kan lókè, lẹ́yìn àwọn òǹwòran, ló máa ń jókòó sí, níwájú àtẹ tí wọ́n fi ń darí iná. Ká má purọ́, ó mọ iṣẹ́ náà.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń jó nínú eré náà. Ọ̀gá ló tọ́ ọmọ yìí dàgbà láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú. Ọdún méje lọmọ náà fi kọ́ ijó. Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń bọ̀ wá sọ yìí, àwọn àgbà ẹgbẹ́ oníjó ńlá kan fẹ́ wá wò ó. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn á mú un wọ ẹgbẹ́ wọn.

2.
Apá tó le jù nínú ijó rẹ̀ ni ti orí àtẹ̀gùn. Wọ́n á pa gbogbo iná tó kù. Ìpele méjìlá ni àtẹ̀gùn náà ní, iná kékeré kan sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá Mọ̀nàmọ́ná to àwọn iná yìí kí wọ́n máa lé ara wọn wálẹ̀: bí ọ̀kan bá ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á máa tàn bọ̀. Ibi tí iná bá tàn sí lọmọ náà ń gbé ẹsẹ̀ sí. Ọ̀pá kékeré kan lórí àtẹ ló ń darí eré wọn. Tì í sókè, iná á sáré. Fà á wálẹ̀, á rọra.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dán an wò kí iná àti ẹsẹ̀ tó bára mu. Àṣà àwọn oníná sì ni pé tó bá ti bára mu, wọ́n á lẹ téèpù funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá náà, wọ́n á fi bírò fa ìlà síbi tó yẹ kó dúró.

Àbúrò Ọ̀gá ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò tíì lẹ téèpù yín o."

"Téèpù kẹ̀? Èmi Mọ̀nàmọ́ná? Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ló ń lẹ téèpù. Ọwọ́ mi mọ ibẹ̀ bí ẹnu mi ṣe mọ oúnjẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Nínú òkùnkùn yẹn, iná yín ni ojú mi."

"Lọ sinmi jàre, ìyá àníyàn."

Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ títí. Ó kọ etí ikún sí i.

3.
Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣeré náà, ó sì dùn. Nígbà tí wọ́n parí, Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ìyìn. Ọkùnrin kan ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ kọjá lọ: "Iná orí àtẹ̀gùn yẹn wù mí, àfi bó ṣe ń wọ́ bí ìgbín."

Ẹ gbọ́ mi o! Gbogbo gbọ̀ngàn ló pàtẹ́wọ́, ẹnìkan péré ló ráhùn, ọ̀rọ̀ ẹnìkan yẹn ló gbé relé. Kò sì sọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀.

4.
Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn àgbà oníjó ti jókòó síwájú. Ọmọ náà dé orí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá rọra ti ọ̀pá sókè díẹ̀. Iná yára, ọmọ náà sì yára tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn hó yèè! Orí Ọ̀gá wú. Ó tún tì í sókè.

"Bọ̀ọ̀dá!"

Igbe yẹn kì í ṣe ara eré.  Ọ̀gá fẹ́ dá ọ̀pá náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ibo gan-an ni? Ọwọ́ tó ní ó mọ ibẹ̀ ò mọ̀ ọ́n mọ́, kò sì sí ìlà tó máa tọ́ka sí i. Ló bá fà á wálẹ̀ pátápátá. Iná dúró lójú kan, ṣùgbọ́n ó ti sá fi ọmọ náà sílẹ̀, ìpele tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ ló dúró sí. Ìpele kẹjọ lọmọ náà wà nínú òkùnkùn, ó sì ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

Gbì! la gbọ́.

5.
Dókítà ní, "Á rìn. Ṣùgbọ́n orúnkún yẹn ò ní gba ijó mọ́." Àwọn àgbà oníjó kí wọn pẹ̀lẹ́, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọ̀gá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Dákun, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín. Nǹkan kan ni mo fẹ́ bi yín." Ọmọ náà ò wo ojú rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yín?"



Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá padà síbi iṣẹ́, téèpù ló kọ́kọ́ gé. Ó lẹ̀ ẹ́, ó fa ìlà, ó fi ọ̀pá síbẹ̀. Àwọn iná bẹ̀rẹ̀ sí í lé ara wọn wálẹ̀, ọ̀kan ń kú, ọ̀kan ń tàn, kò yá jù, kò falẹ̀ jù. Ó bá a mu gẹ́lẹ́. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá Mọ̀nàmọ́ná gbórí lé àtẹ, ó sunkún bí ọmọdé.

Ìwọ tó ń ka èyí, ta ló ń fi iná rẹ ríran? Ọmọ rẹ ni? Ìyàwó rẹ ni? Àbí ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ nínú ọkọ̀ tí o ń wà? Má torí àtẹ́wọ́ sọ wọ́n sókùnkùn. Bí wọ́n bá ní kí o fàmì sí i, fàmì sí i, bó o tiẹ̀ mọ̀ ọ́n bí orúkọ rẹ. Àwọn àgbà ò parọ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.