Ta Ló Ń Yí Kọ́kọ́rọ́?

Akínlàbí àbúrò mi ló fọwọ́ sọ̀yà pé kò sóhun tó ṣe Píjò àtijọ́ tí bàbá wa fi sílẹ̀. Àfi ìgbà tí ọkọ̀ náà kú sójú ọ̀nà oko, tílẹ̀ ń ṣú lọ, tí kò sílé kankan nítòsí.

Inú bí mi gan-an. Mo ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó bo gíláàsì iwájú pátá. Mo fi ẹnu wáyà mítà tá a fi ń yẹ iná wò kan kọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kí n wò ó bóyá iná ń débẹ̀.

“Yí kọ́kọ́rọ́!” mo lọgun sí Akínlàbí tí mo fi sórí àga dírẹ́bà.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí abẹ́rẹ́ mítà tó sún.

“Pa á!”

Kò pa á.

“Ṣé etí ẹ di ni? Mo ní kó o pa á! Ọ̀lẹ!”

Abẹ́rẹ́ wálẹ̀. Kò fèsì, Akínlàbí tí kì í gbàbùkù lọ́wọ́ mi.

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Akínlàbí ló ń ti inú igbó bọ̀, ó ń so ṣòkòtò, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ̀ ń bú?”

Abẹ́rẹ́ tún gòkè. Ẹnì kan pòṣé nínú ọkọ̀.

“Èwo gan-an ni kí n ṣe? Kí n yí i, àbí kí n pa á?”