Mo Ti Pa Oko

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú aránṣọ kan, mínísítà ètò ààbò bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń yọ eyín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ìdìbò ti ń kanlẹ̀kùn. Òfin tuntun tó gbé kalẹ̀ ti fún àwọn ọlọ́pàá ní kọ̀ǹpútà kan tó ń ka gbogbo ohun tí aráàlú bá kọ síra wọn lórí fóònù, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ kankan. Kọ̀ǹpútà náà sì ti mú ẹran àkọ́kọ́. Obìnrin aránṣọ náà ló kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pé:

"Mo ti pa oko. Mo ti bo o mole leyin ile. E fokan bale."

"Apànìyàn!" ni mínísítà wí. "Ẹ̀wọ̀n gbére ló ń lọ. Ẹni tí kò bá sì ní nǹkan tó ń fi pamọ́, kí ló fẹ́ bẹ̀rù?"

Lọ́yà obìnrin kan wà tí gbogbo ayé ń pè ní Ẹ-dákẹ́-ná, nítorí pé kò sí gbólóhùn tí kì í fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe àgbà ló ń bá sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Ó ti pariwo lórí òfin yìí títí ohùn rẹ̀ fi ha, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó wo ọ̀rọ̀ náà lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọkọ̀ ni!" ó ní. "Ó pa ọkọ̀, ó sì fi tapólì bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn òpònú!"

Ó bá aránṣọ lórí bẹ́ǹṣì ní àgọ́ ọlọ́pàá, tó fi gèlè bo ojú kan.

"Mà, ọ̀rọ̀ yẹn..."

"Ẹ dákẹ́ ná. Ọkọ̀ lo pa, àbí? Ọkọ̀ tí à ń wà."

Aránṣọ gbójú sókè.

"Bí ẹ bá ti wí i náà ni, mà."

"Ó parí. Láti òní lọ, bí wọ́n bá tiẹ̀ bi ọ́ léèrè orúkọ rẹ, èmi ni kó o máa wò."

Lọ́yà ká gèlè náà sókè. Ojú wú, ara rẹ̀ sì ti ń pọ́n rúsúrúsú bí ọgbẹ́ tó ti ń san.

"Wọ́n tún lù ọ́?"

Aránṣọ lanu.

"Ẹ dákẹ́ ná! Mo ti rí i." Ó fi ìyẹn náà kún ẹ̀sùn tó máa kà sí àwọn ọlọ́pàá lẹ́sẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá ti ki ṣọ́bìrì sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n fẹ́ lọ gbẹ́ ẹ̀yìn ilé aránṣọ. Lọ́yà ti sáré dé ilé ẹjọ́ ṣáájú wọn. Ó ní ẹrù olè ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà lórí fóònù, ẹni tó bá sì fi kọ́kọ́rọ́ olè ṣílẹ̀kùn kò lè ní òun wá kí onílé. Adájọ́ gbà. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀yìn ilé náà títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ kún bámúbámú. Ọ̀gá tó ń darí kọ̀ǹpútà náà dúró nínú àpótí ẹlẹ́rìí, táì fún un lọ́rùn.

"Ẹ dákẹ́ ná," ni lọ́yà wí, ọkùnrin náà kò sì tíì sọ nǹkan kan. "Nígbà tó o bá ń kọ̀wé sí ìyàwó rẹ lórí fóònù, ṣé o máa ń fi àmì ohùn sí i?"

"Rárá, mà. Ta ló ráyè?"

"Ọkọ, ọkọ̀, oko, ọkọ́, ọ̀kọ̀. Báwo wá ni ẹ̀rọ yín ṣe ń mọ èyí tí èèyàn ní lọ́kàn?"

Ọkùnrin náà tú táì rẹ̀ díẹ̀. "Ó máa ń mú èyí tó burú jù."

"Bí ìyá ọkọ!" ni ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn, ilé ẹjọ́ sì dà rú.

"Ta ni ẹ̀rọ yín tún mú lọ́sẹ̀ yẹn?" ni lọ́yà bi í.

Ọ̀gá náà wo agbẹjọ́rò ìjọba. Adájọ́ ní kó dáhùn.

"Ìyá mínísítà ni."

"Kí ni màmá kọ?"

"'Ogun mi ti tan. E fi omiran ranse.'"

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló tán lọ́wọ́ màmá. Kọ̀ǹpútà rò pé ogun kan ló parí tí màmá tún ń tọrọ òmíràn. Adájọ́ fúnra rẹ̀ fi áńkáṣífì bojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

Agbẹjọ́rò ìjọba fò dìde. "Olúwa mi, ìbéèrè kan péré! Ọkọ obìnrin yìí dà?"

"Ẹ dákẹ́ ná! Ọ̀rọ̀ inú ìyẹ̀wù nìyẹn! Ìyàwó tìrẹ ńkọ́, níbo ló wà báyìí?"

"Ó... ó ní òun ń lọ sọ́jà."

"Ó ní!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé akọ̀wé ilé ẹjọ́ jábọ́ lórí àga. Adájọ́ wọ́gi lé ìbéèrè náà, ó da ẹjọ́ nù, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n yọ wáyà kọ̀ǹpútà náà kúrò lára iná. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mínísítà ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n aránṣọ dì mọ́ àbúrò rẹ̀, ó ń sunkún, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀.

Níta, àwọn oníròyìn ṣù bo lọ́yà. Ó fa aránṣọ mọ́ra.

"Ẹ dákẹ́ ná, gbogbo yín! Ẹ̀yìn ilé là ń lọ báyìí. Mo fẹ́ kí ẹ ya àwa méjèèjì níwájú ọkọ̀ náà, kí ayé rí i. Àbúrò, irú ọkọ̀ wo tiẹ̀ ni?"

"Ọkọ̀ kẹ̀, mà?" ni aránṣọ wí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀. "Èmi ò lọ́kọ̀ rí láyé mi."